Ìlẹ̀kẹ̀ Tó Ń Yí Lápá Òsì

Ìdìwé ni iṣẹ́ ilé wa. Bí ẹ̀yìn ìwé bá já, bí páálí rẹ̀ bá ṣí, tàbí bí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá fẹ́ ìwé ìdárayá fún gbogbo kíláàsì rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Yàrá ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, àwa ń gbé lókè. Bàámi ló ń gé, Màámi ló ń rán. Èmi ni mò ń ká ojú ìwé, tí mò ń fi egungun pẹlẹbẹ tẹ ibi tó ká mọ́lẹ̀ títí á fi mú. Èmi náà ni mò ń po gọ́ọ̀mù.

Ẹ̀rọ ìgéwèé wa dàgbà ju Bàámi lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. O máa to ìwé sábẹ́ rẹ̀, o máa yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lórí rẹ̀ kí irin pẹlẹbẹ lè tẹ ìwé náà pa, lẹ́yìn náà ni o máa fi ọwọ́ méjèèjì fa apá rẹ̀ gígùn wálẹ̀. Gbogbo èèyàn ló rò pé ńṣe ni abẹ náà ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ abẹ, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo ní kí Bàámi rọra fà á, mo sì rí i pé bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ ló ń rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó ń fi ọ̀bẹ rẹ́ búrẹ́dì. Ìrìn ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí òkìtì ìwé gé bí ẹni pé ewé kan ṣoṣo ni. Bàámi ti lo ẹ̀rọ náà láti ìgbà èwe rẹ̀, kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ọjọ́ yẹn ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ẹnjiníà. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe Màámi ní Ìyá Ẹnjiníà.

Èjìká ń dun Bàámi. Ó ti ṣèlérí pé bí mo bá ṣe ìdánwò ọdún yẹn tán, èmi ni màá máa gé.

Màámi kì í sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Bí Bàámi kò bá sí nílé, iṣẹ́ gígé á dúró dè é. Ó ní ariwo rẹ̀ máa ń wọ òun léyín. Bàámi a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyá Ẹnjiníà, abẹ yìí ò ní jẹ ọ́."

"Kò tíì jẹ mí rí, mi ò sì ní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ èèyàn."

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé wa kì í ṣe ilé ìjà.

Ilé-ẹ̀kọ́ ni mo wà nígbà tí nǹkan náà kọ́kọ́ dé. Mò ń ṣe ìṣirò lọ́wọ́ ni mo rí àwọn nǹkan róbótó róbótó lápá òsì: pupa, yẹ́lò, búlúù, wọ́n dì pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ìlẹ̀kẹ̀ sín. Wọ́n kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí mo bá wo ọ̀tún, wọ́n á tẹ̀ lé mi, síbẹ̀ apá òsì ni wọ́n á wà. Mo di ojú òsì, mo ṣì ń rí wọn. Mo di ojú ọ̀tún, wọ́n wà níbẹ̀. Mo di méjèèjì, wọ́n tún wà níbẹ̀. Mo ronú sí i bí mo ṣe máa ń ronú sí ẹ̀rọ. Bí ìdọ̀tí bá wà lára dígí, tí o bá mú dígí kúrò, ìdọ̀tí bá dígí lọ. Èyí kò sí lára ojú mi rárá. Ó wà lẹ́yìn ojú.

Kì í pẹ́. Ká tó bu omi mu, á ti lọ. Lẹ́yìn náà ni orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, ní òkè ìpéǹpéjú ọ̀tún.

Màámi ni mo sọ fún. Ta ni mo tún fẹ́ sọ fún? Òun ló mọ̀ bí ara mi bá gbóná kó tó fọwọ́ kàn mí. Ó ń rán abala ìwé pọ̀ lọ́jọ́ náà, mo jókòó tì í. Mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Mo kàn ní:

"Màámi, nǹkan kan máa ń tàn lójú mi."

Abẹ́rẹ́ dúró nínú ìwé. "Ní apá wo?"

"Òsì."

Ó fa òwú náà. Ó fà á débi pé ó ya ìwé, òun tí kì í ya ìwé. "Ó ti rẹ̀ ọ́ ni," ó ní. "Ìwé tí ò ń kà ti pọ̀ jù. Má sọ fún bàbá rẹ o, tiwọn ti tó wọn."

Mi ò sọ fún un. Àmọ́ ó ń dé lemọ́lemọ́. Nígbà tí mo tún fẹjọ́ sùn, Màámi mú mi lọ sọ́dọ̀ onídígí ojú tó wà ní ìkángun òpópónà wa. Ọkùnrin náà ní kí n ka lẹ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tan iná kékeré sí mi lójú, ó ní ojú mi dára ju tòun lọ, pé kí n wá bá òun ṣiṣẹ́. Inú Màámi dùn. Mo rò pé ayọ̀ ìyá ni.

Láti ọjọ́ náà ló ti yí padà. Ní alẹ́ tí a ń jẹun, ó kọjú sí Bàámi.

"Onídígí ní kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ìdánwò ló ń bọ̀, ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í tàn."

Bàámi rẹ́rìn-ín. "Ẹnjiníà, èmi náà máa ń ní inú rírun bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀."

Tíṣà wa wá kó ìwé kíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń rí i pé mo máa ń gbórí lé tábìlì nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa. Ó bi Màámi bóyá ara mi kò yá. Mo dúró níbẹ̀, ìkòkò gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi, mo ń retí kí ìyá mi gbà mí sílẹ̀.

"Ẹ má dá a lóhùn, tíṣà," Màámi ní. "Àwáwí kì í wọ́n ọ̀lẹ."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ lù mí léjìká, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo kíláàsì ló ń bi mí pé ṣé ojú mi ti tàn.

Àwọn àgbà ní ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀. Ká sọ òótọ́, mi ò tiẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wò mí sàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí ẹnì kan gbà mí gbọ́ pé ohun tí mo ní mo rí, mo rí i.

Ohun tó fi ọ̀rọ̀ náà hàn ni ìka Bàámi.

Ọjọ́ Sátidé ni, mo ti ṣe ìdánwò tán, iṣẹ́ sì pọ̀. Bàámi ní kí n wá fa ẹ̀rọ, òun á máa to ìwé sábẹ́ rẹ̀. Òfin wa ni pé ẹni tó bá fẹ́ fà á gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo òsì, kó wo ọ̀tún. Mi ò rú òfin yìí rí, mi ò sì rú u lọ́jọ́ náà. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán ni, orí ń fọ́ mi díẹ̀, mi ò sì sọ nǹkan kan, nítorí pé mo ti mọ ìdáhùn tí màá gbà. Mo wo òsì. Tábìlì ni mo rí, àti etí ìwé. Mo wo ọ̀tún. Mo fà á.

Ewé kan ti yọ sóde lápá òsì, Bàámi sì ti nawọ́ síbẹ̀ kó lè tì í wọlé. Abẹ gé orí ìka rẹ̀ kan, èékánná àti ẹran díẹ̀.

Kò pariwo. Ó gbé ọwọ́ náà sókè, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Màámi dìde níbi tó ti ń rán ìwé, ó ya aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó.

"Ṣé o ò rí ọwọ́ mi ni?" Bàámi bi mí.

"Mi ò rí i, Bàámi."

"Ibẹ̀ gbangba ni mo gbé e sí."

"Kò sí ọwọ́ níbẹ̀, Bàámi. Mo wò ó. Tábìlì ni mo rí."

Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀ láti ọjọ́ náà. Àwọn èèyàn rò pé bí apá kan ojú èèyàn bá lọ, òkùnkùn ni yóò máa rí níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ronú nípa ẹ̀yìn orí rẹ nísinsìnyí. O ò rí nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ kò ṣókùnkùn. Kò kàn sí níbẹ̀ ni. Bí ọwọ́ Bàámi ṣe rí nìyẹn.

Bàámi wo ojú mi pẹ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ìyá mi. "Ìyá Ẹnjiníà, ọmọ yìí ò purọ́."

"Ọkàn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀," Màámi ní. Kò gbé ojú sókè. Ó ń so aṣọ náà. "Nǹkan mìíràn ló ń rò."

Nígbà tí wọ́n ti rán ìka náà fún un ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Bàámi mú mi jókòó lórí àga ní àárín ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n máa wo ìṣó kan lára ògiri. Ó gé páálí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń rọra mú un bọ̀ wá síwájú láti òsì, ó ní kí n sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá rí i. Ó ṣe apá ọ̀tún bákan náà. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Apá méjèèjì dọ́gba.

"Ó ti padà báyìí," ó ní. "Àmọ́ ó lọ. Nǹkan tó bá lè lọ kó sì padà, ó ní ohun tó ń gbé e lọ. A máa wá a rí."

Mo sunkún lórí àga náà. Ó rò pé nítorí ìka rẹ̀ ni.

Ní ọsibítù ńlá, wọ́n ní kí n yọ gbogbo irin ara mi, títí kan pínnì irun. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ayàwòrán náà ní, "Òòfà ni baba ńlá ẹ̀rọ yìí. Bó bá rí irin, kì í béèrè ọmọ ta ni." Mo bi í bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ojú rẹ̀ tàn, ó jọ pé ẹnikẹ́ni kì í bi í. Ó ní omi ló kún inú ara èèyàn, pé òòfà náà máa ń mú kí omi inú ara dojú kọ ibì kan náà, ẹ̀rọ á wá kàn án díẹ̀, á sì tẹ́tí sí bó ṣe ń padà sáyè rẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn bá fi èékánná kan ife tó sì mọ̀ láti inú ìró rẹ̀ pé ó ti sán. Mo sùn sínú ihò ẹ̀rọ náà, ó ń lù gbàgà-gbàgà-gbàgà, inú mi sì ń dùn. Mo ń ronú pé nǹkan kan ń tẹ́tí sí orí mi níkẹyìn.

Dókítà ọpọlọ jẹ́ obìnrin, dígí ojú rẹ̀ wà ní àtàrí, ó ń wá a kiri lórí tábìlì. Bàámi ló fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa. Ọpọlọ mi nìyẹn, funfun àti àwọ̀ eérú. Lẹ́yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún, àmì dúdú kan wà tó tó ẹ̀wà. Níbòmíràn, àwọn kéékèèké wà bí ojú abẹ́rẹ́, wọ́n fọ́n káàkiri.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," dókítà kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí. "Iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín ló dì pọ̀ bí ẹyin ẹja. Ara wọn kò nípọn, ẹ̀jẹ̀ máa ń jò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ọpọlọ lápá ọ̀tún ló ń rí nǹkan fún apá òsì. Ìdì ńlá yìí ń yọ ọpọlọ tó yí i ká lẹ́nu, ọpọlọ náà á wá máa ta iná bí wáyà tó bó. Ohun tí ó ń rí nìyẹn. Bó bá ta iná tán, ìríran apá òsì lè lọ fúngbà díẹ̀. Irú wárápá kan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gbé e ṣubú."

Màámi di ojú nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ni, mo lè sọ pé ó kàn ṣe é," dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Àmọ́ bó bá pọ̀ báyìí, ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá ló sábà máa ń ti wá. Ṣé ẹnì kan wà nínú ìdílé?"

"Kò sí," Màámi ní.

"Bàbá mi," Bàámi ní. "Ojú rẹ̀ fọ́ kó tó kú. Ó máa ń sọ pé òun ń rí àwọn èèyàn lára ògiri."

Màámi wò ó. Ó mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Bàbá máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Dókítà yíjú sí mi. "Nígbà tí nǹkan náà bá dé, kí ló máa ń kọ́kọ́ ṣe? Àwọ̀ ni, tàbí yíyí?"

Mo lanu. Wọ́n ti pè mí ní ọ̀lẹ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó di dandan kí n wá ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní lè fi mí rẹ́rìn-ín. Kí n tó rí i, Màámi ti dáhùn.

"Àwọ̀ ni. Bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó máa dúró ná, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bó bá lọ tán, orí á fọ́ ọ lókè ojú ọ̀tún. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà, dókítà, ó máa ń kọjá."

"Màmá, ọmọ yín ni mo bi."

"Òun ló sọ fún mi."

Dókítà wò mí. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Bó ṣe rí gan-an ni. Mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Iná ni mo sọ fún Màámi, pé nǹkan kan ń tàn. Mi ò fi ẹnu mi pè é ní ìlẹ̀kẹ̀. Mi ò sọ pé ó kọ́kọ́ máa ń dúró. Mo jókòó sáàárín àwọn òbí mi, mo yíjú wo Màámi.

Dókítà fún mi ní oògùn, ó ní kí n má ṣe sún mọ́ abẹ, ó sì ní kí Bàámi àti Màámi wá ya àwòrán orí wọn kí a tó padà wá. Bàámi ní òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ yà, nítorí pé ọ̀dọ̀ tòun ló ti wá.

Nígbà tí a délé, mo ṣí páálí oògùn mi. Hóró rẹ̀ gùn díẹ̀, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ní ìlà láàárín àti lẹ́tà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Àràárọ̀ ni Màámi máa ń gbé irú rẹ̀ mì pẹ̀lú omi tútù, láti inú agolo tíì tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Oògùn ọgbẹ́ inú ni wọ́n sọ fún wa pé ó jẹ́. Nítorí ọgbẹ́ inú náà, a kì í jẹ́ kó pẹ́ kó tó jẹun, a kì í jẹ́ kó pàdánù oorun.

Bàámi ti lọ wẹ ọgbẹ́ ìka rẹ̀. Mo mú hóró kan láti inú agolo, mo mú ọ̀kan nínú tèmi, mo gbé méjèèjì lé àtẹ́lẹwọ́, mo bá Màámi nídìí tábìlì ìránwèé.

"Màámi, ibo ni ọgbẹ́ inú tèmi wà?"

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó kọ́kọ́ ní, "Ta ní rán ọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù mi?" Lẹ́yìn náà ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò nínú ìwé, ó gbé e kalẹ̀.

"Mo kéré sí ọ díẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ̀. Ẹnì kan fẹ́ fẹ́ mi kí n tó mọ bàbá rẹ. Mo sọ fún un, nítorí pé mo jẹ́ òmùgọ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo tún lọ síbẹ̀, wọ́n fún mi lómi mu. Bí mo ṣe ń jáde lọ, mo rí ìyá rẹ̀ tó fi igi gbé ife náà, ó jù ú sẹ́yìn ilé. Igi, ọmọ mi. Kò lè fọwọ́ kàn án. Wọ́n bá gbọ́ wárápá, ìwọ kì í ṣe èèyàn mọ́."

"Mo ní nǹkan ń tàn lójú mi. Ẹ bi mí pé apá wo."

"Mo bi ọ́."

"Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ sì pè mí ní ọ̀lẹ lójú tíṣà."

"Mo fẹ́ kó jẹ́ ọ̀lẹ ni," Màámi ní. "O ò lè mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ọ̀lẹ."

"Oògùn náà wà nínú ilé. Ẹ ń gbé e mì níwájú mi."

Ó mú abẹ́rẹ́ náà, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Ìka Bàámi ńkọ́?"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Má sọ fún un. Jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Jọ̀ọ́."

Ìyá mi kò tíì sọ "jọ̀ọ́" fún mi rí. Mo ní ó dáa, kó sọ ọ́ kí a tó padà sọ́dọ̀ dókítà. Mo gbà á gbọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù lọ báyìí, pé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo ṣì gbà á gbọ́.

Kò sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń wo ẹnu rẹ̀. Bàámi wá di ẹni tí kì í ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó yọ fọ́tò bàbá rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó ń wo ojú inú rẹ̀ bíi pé àmì dúdú máa yọ níbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí à ń mu tíì, ó mú ọwọ́ mi.

"Ẹnjiníà, foríjì mí. Èmi ni mo gbé e wọ̀ ọ́ lára. Ká ní mo mọ̀, mi ò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

Màámi ń ro ṣúgà nínú tíì tirẹ̀. Mo wò ó. Ó ń rò ó, ó ń rò ó, ṣíbí ń dún lára ife, kò sì gbé ojú sókè.

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Àwòrán Bàámi wà lójú kọ̀ǹpútà, ó mọ́ tónítóní. Kò sí àmì kankan.

"Ṣé ẹ wò ó dáadáa?" Bàámi ní. Ọkùnrin náà fẹ́ kó jẹ́ òun. Mo rí i pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Mo wò ó dáadáa, Bàbá. Ó ku Màmá."

Màámi tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Dókítà, mo ti ń ronú," ó ní. "Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, bàbá rẹ̀ máa ń jù ú sókè bíi bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ibẹ̀."

Bàámi yíjú sí i. "Orí bẹ́ẹ̀dì ló bọ́ sí. O rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà."

"Ibi yòówù kó bọ́ sí, orí ni orí ń jẹ́."

Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé bí mo bá máa sọ ọ́, màá fi ìbínú sọ ọ́. Nígbà tó débẹ̀, kò sí ìbínú. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí mo bá ń wá ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ.

"Dókítà," mo ní, "oògùn tí ẹ fún mi kò tíì dá a dúró tán. Ó ṣì dé lẹ́ẹ̀mejì. Irú rẹ̀ gan-an ni Màámi ń lò, láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó dá tiwọn dúró, àti iye tí wọ́n ń lò."

Fáànù ń yí lókè. Dókítà bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó fi í sórí tábìlì.

"Màmá," ó ní pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "mélòó ni ẹ ń lò lójúmọ́?"

Màámi dáhùn. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ohùn rẹ̀ sì ń já geere bí ti ẹni tí ọ̀rọ̀ ti há sí lẹ́nu tipẹ́: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, oògùn tó kọ́kọ́ lò tí kò bá a lára mu, ìdí tí kò fi jẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìgéwèé. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní yóò wúlò fún mi gan-an.

Bàámi dúró títí wọ́n fi parí. Ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, èyí tí orí ìka rẹ̀ kò sí mọ́.

"Ìka mi ńkọ́?" ó bi í. "O wà níbẹ̀. O mọ ohun tó ṣe ọmọ náà. O ń so aṣọ mọ́ mi lọ́wọ́, o sì ní ọkàn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá Ẹnjiníà."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Pé ẹ máa lọ."

"Kí lo rí tí mo sá fún rí?" Bàámi ní. Ó ń dúró de ìdáhùn ní tòótọ́.

Bàámi kò lọ. Àmọ́ ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló ń sùn. Bó bá nílò nǹkan lókè, ó máa ń rán mi. Dókítà fi kún oògùn mi, ó ní kí n má fọwọ́ kan abẹ títí ọdún kan á fi kọjá láìsí ìlẹ̀kẹ̀ kankan. Nítorí náà, ìdí tábìlì ìránwèé ni mo wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi, òun lọ́tùn-ún, èmi lósì.

Nǹkan kan ti ṣí nínú rẹ̀. Kò lè dákẹ́. Bí a bá ń rán ìwé, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí ó ṣe ń ṣe nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, bó ṣe máa ń kọjú sí fèrèsé kí wọ́n lè rò pé ẹyẹ ló ń wò. Lánàá, ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọdé tó fẹ́ fi nǹkan han ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Tìẹ ńkọ́?" ó ní. "Bó bá fẹ́ lọ, àwọ̀ wo ló máa ń kẹ́yìn? Tèmi, búlúù ni. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe mí, mi ò rí ẹnì kan bi rí."

Búlúù ni tèmi náà. Ó máa ń pẹ́ ju àwọn tó kù lọ, ẹyọ kan ṣoṣo, ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tó fi máa ń ṣe mí bíi kó má lọ. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún rí.

Ó ń wo ẹnu mi.

"Ẹ bi dókítà, Màámi," mo ní, mo sì mú abala ìwé tó kàn.